Téèpù ló kọ́kọ́ sọ fún mi

Aránṣọ ni mí, ní Ìta-Ẹlẹ́wà ní Ìkòròdú níbí. Ó ti lé ní ọdún 18 tí mo ti ń fi téèpù yí ìbàdí àwọn obìnrin po. Ìwé ńlá kan wà lábẹ́ tábìlì mi tí èèpo rẹ̀ ti ya, inú rẹ̀ ni ìwọ̀n gbogbo oníbàárà mi wà: àyà, ìbàdí, ìdí, gígùn apá. Ẹ má bá mi sọ ọ́ síta o, ṣùgbọ́n mo máa ń mọ ẹni tó lóyún kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀. Mo mọ ẹni tí owó wọlé fún, mo mọ ẹni tí ìrònú ń jẹ. Kí ìbàdí kúrò ní 42 kó bọ́ sí 44, mo ti rí ìyẹn tó. Ọjọ́ orí ni, ọmọ bíbí ni, ẹ̀bà alẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ìbàdí kúrò ní 44 kó já sí 38 láàárín aṣọ ẹbí ìkómọ kan àti ti Iléyá, ara aláìsàn nìkan ni mo ti máa ń rí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá mo rí i lára obìnrin mẹ́rin, ara gbogbo wọn sì yá.

Ìyá Ìbejì ni ẹni àkọ́kọ́. Mo fà á wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, mo rẹ ohùn sílẹ̀: "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ti lọ yẹ ṣúgà yín wò?" Mo bi í bẹ́ẹ̀ torí pé bí ti ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí a tó mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ni. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú. "Ìyá Tọ́pẹ́, ṣúgà kọ́ o. Pẹ́pítáìdì ni, abẹ́rẹ́ tó ń múni rù."

Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé oníbàárà mi mìíràn ló ń tà á fún gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bísí. Ọmọ dáadáa ni Bísí, kì í jẹ gbèsè aṣọ, èyí tí mi ò lè sọ nípa àwọn kan tí wọ́n ń ka ohun tí mo ń kọ yìí. Orí WhatsApp ló ti ń tajà: ọṣẹ, tíì, bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń fún ikùn. Nígbà tó yá, ìgò dé.

Kí n má purọ́, èmi náà ra. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni mo ń jókòó ti máṣínnì. Ìbàdí tèmi ò sí nínú ìwé abẹ́ tábìlì yẹn, torí mi ò fẹ́ kó wà níbẹ̀. Mo mú ₦60,000 nínú owó àjọ mi, mo fi ránṣẹ́ sí Bísí.

Ọlọ́kadà ló gbé e wá láti Sábó ní agogo méjì ọ̀sán, nínú ike áísìkirìmù, pẹ̀lú píọ̀ wọ́tà kan tí yìnyín rẹ̀ ti yọ́ tán. Ìgò náà ò ju àtàńpàkò mi lọ. Ọmọrí búlúù ló ní, rọ́bà wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun kan sì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bíi káfúrà tó ń tán lọ. Ìgò omi kan bá a wá, àti sírínjì márùn-ún nínú ọ̀rá. Lẹ́tà ara rẹ̀ kéré débi pé Tọ́pẹ́ ọmọ mi ló kà á fún mi: semaglutide, orúkọ pẹ́pítáìdì náà nìyẹn, 5 mg. Lẹ́yìn náà ó ka gbólóhùn kan tí mo ní kó tún kà: fún iṣẹ́ ìwádìí nìkan, kò wà fún ìlò ènìyàn. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́. Kò sí nọ́ńbà NAFDAC. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Mo pe Bísí.

"Àǹtí mi, ẹ má dá ìyẹn lóhùn jàre. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn kí kọ́sítọ́ọ̀mù má bàa yọ wọ́n lẹ́nu."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ẹni tó ní kí n má bẹ̀rù ti sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀ pé irọ́ ni wọ́n kọ sára ohun tó tà fún mi. Bó bá wá jẹ́ pé gbólóhùn yẹn ni irọ́, kí ló dé tí 5 mg yóò fi jẹ́ òótọ́?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ léèsì. Láti ayé àwọn ìyá wa, ẹni tó bá ti ná ọjà mọ̀ pé Austria ni ojúlówó léèsì ti ń wá, wọ́n sì máa ń tẹ orúkọ sí etí aṣọ. Lónìí, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ Austria sí etí aṣọ, nítorí náà n kì í ka etí aṣọ mọ́. Màá fa òwú kan yọ, màá ṣáná sí i. Bó bá jẹ́ òwú gidi ni, á jó di eérú bíi ti bébà. Bó bá jẹ́ pọlisítà ni, á yọ́, á ká jọ, á di kókó dúdú líle lọ́wọ́ ẹni. Ká tó pajú pẹ́, irọ́ ti tú. Òwú wo ni mo fẹ́ fà yọ nínú ìyẹ̀fun yìí?

Àfi bí orúkọ Austria ṣe tún yọjú síbi tí n kò retí rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, fámásíìsì ni. Mo gbé ìgò náà lọ bá a, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó sì gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ó ní ní oṣù kẹwàá 2023, àwọn kan ní Austria gún abẹ́rẹ́ tí wọ́n rà pé Ozempic ni, ìyẹn semaglutide tó ní ilé iṣẹ́, ṣúgà ara wọn já wálẹ̀, gìrì gbé òmíràn, wọ́n sì di èrò ilé ìwòsàn. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní ó jọ pé ínsúlíìnì, abẹ́rẹ́ àwọn alátọ̀gbẹ, ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé ké gbàjarè pé ayédèrú rẹ̀ ti yọjú ní Brazil, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Ayédèrú ohun tó ní ilé iṣẹ́, tó ní nọ́ńbà, tó ní páálí nìyẹn o. Tèmi ò tiẹ̀ ní páálí tí ẹnì kan lè ṣe ayédèrú rẹ̀.

Mo bi í pé kí ni pẹ́pítáìdì gan-an. Ó ní kí n wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi. Ó ní ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín ni, amino acid sì ni ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Sín ẹyọ 9, o rí oxytocin, abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń gún fún abiyamọ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ya lẹ́yìn ìbímọ. Sín 31, semaglutide nìyẹn. Ẹyọ 51 lórí okùn méjì ni ínsúlíìnì ìyá wa. Bí ẹyọ kan bá já sílẹ̀ tàbí tó ṣípò, ohun mìíràn lo sín yẹn, ojú lásán ò sì lè dá a mọ̀. (Èyí tó kọ́kọ́ di òògùn nínú ẹbí semaglutide, ní 2005, ara itọ́ irú alángbá olóró kan ní aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí àwòṣe rẹ̀. Bó bá jẹ́ babaláwo ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, a ó ní ó fẹ́ gbówó wa.)

Nítorí náà kì í ṣe àjèjì. Láti ọdún 11 sẹ́yìn ni pẹ́pítáìdì ti wà nílé wa, a kàn ń pè é ní abẹ́rẹ́ Màámi ni.

Àbúrò mi tún sọ ìtàn kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ọdún 14 kan ní Toronto, Leonard Thompson, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ínsúlíìnì tọ́jú, ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní 1922. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ojú abẹ́rẹ́ náà sì wú, ó di oówo. Òògùn náà ni kò mọ́. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ James Collip lọ sẹ́ ẹ dáadáa, wọ́n tún gún ọmọ náà ní ọjọ́ 23, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ọjọ́ 12 péré. Ohun tó wà láàárín abẹ́rẹ́ tó wú àti abẹ́rẹ́ tó wo èèyàn ò ju pé ẹnì kan jókòó, ó sẹ́ ìdọ̀tí kúrò. Ta ló sẹ́ tèmi?

Mo wá bi í léèrè ohun tí mo ti ń fẹ́ bi í látàárọ̀: ṣé ọlọ́pàá lè mú mi?

Ó ní òfin ìforúkọsílẹ̀ òògùn ti 1993 dárúkọ ohun tí a ò gbọ́dọ̀ fi òògùn tí kò forúkọ sílẹ̀ ṣe: a ò gbọ́dọ̀ ṣe é, a ò gbọ́dọ̀ kó o wọlé, a ò gbọ́dọ̀ kó o jáde, a ò gbọ́dọ̀ polówó rẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ tà á, a ò gbọ́dọ̀ pín in káàkiri. Rírà ò sí níbẹ̀. Ojú ihò yẹn ni gbogbo wa ń gbà wọlé: "mo kàn rà á fún ara mi ni." Ṣùgbọ́n ihò náà ò fẹ̀ tó bí a ṣe rò. Ẹni tó bá fi fóònù rẹ̀ pàṣẹ fún un láti Ṣáínà, òun gan-an ló kó o wọlé. Ìyá Ìbejì bu díẹ̀ nínú tirẹ̀ fún àbúrò ọkọ rẹ̀, ó gba ìdajì owó, títà ni. Ohun tí Bísí ń gbé sórí WhatsApp láràárọ̀, ìpolówó ni. Òfin ayédèrú òògùn tún wà lọ́tọ̀. Ó dárúkọ ọjà, kíóósì, ibùdókọ̀, ẹ̀bá títì, bọ́ọ̀sì, títí kan ọkọ̀ ojú omi, pé a ò gbọ́dọ̀ ta òògùn níbẹ̀. Nígbà tó kan ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rín pa mí. Ta ló ti wọ ọkọ̀ ní Èbúté rí tí kò gbọ́ "ẹ̀yin èrò mi, ẹ kú ìrìn o, òògùn jẹ̀díjẹ̀dí rèé"?

Ìtanràn òfin 1993 yẹn kò gbọdọ̀ ju ₦50,000 lọ fún ẹnì kan, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 2, tàbí méjèèjì pọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́, ₦50,000 jẹ́ owó. Ní báyìí, ìgò mi kan ṣoṣo jù ú lọ. Kí ẹni tó ń tà á máa bẹ̀rù kẹ̀?

Síbẹ̀, mo ti fojú kéré òfin náà. Èmi rò pé torí kí wọ́n máa fi ìyà jẹ oníṣòwò ni. Àbúrò mi rán mi létí 1990, nígbà tí ọmọ 109 kú ní Ìbàdàn àti ní Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu paracetamol olómi tí wọ́n fi májèlé pò. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin NAFDAC jáde. Nígbà tí òògùn eyín ọmọdé tún pa àwọn ọmọ tó lé ní 80 ní 2008 sí 2009, orúkọ wà lára ìgò. Wọ́n tọ̀ ọ́ dé ilé iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n sì tì í pa. Kò jí ọmọ kankan dìde. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tí wọ́n lè bi. Nọ́ńbà NAFDAC ò ní agbára kankan lára ìgò ju pé ó jẹ́ ojú ọ̀nà ilé ẹnì kan. Bí ìgò tèmi bá pa mí, ọ̀dọ̀ Bísí ni Tọ́pẹ́ máa lọ, Bísí á ní ọ̀dọ̀ ẹnì kan ní Ìkẹjà ni òun ti rà á, ẹni Ìkẹjà á ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni.

Ọ̀rọ̀ tútù náà wà ńbẹ̀. Àbúrò mi ní òògùn báyìí, kí wọ́n tó ṣí i, láàárín 2 sí 8 lórí òdiwọ̀n Celsius ló gbọ́dọ̀ wà. Mo rántí píọ̀ wọ́tà tó yọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ Ìkòròdú, ẹ gbọ́: ẹ̀yìnkùlé wa ni Egbin wà, ilé iṣẹ́ iná tí wọ́n kọ́ láti pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì. Wáyà gàgàrà rẹ̀ ń gba orí òrùlé wa kọjá lọ síbi tó ń lọ. Ọ̀sẹ̀ tí ìgò mi dé, a rí iná fún wákàtí márùn-ún láàárín ọjọ́ mẹ́ta, fíríìjì mi sì ń rùn ẹja.

Ìyá mi ní Igbogbo ò gbára lé fíríìjì. Èyí tó bá ti ṣí nínú ínsúlíìnì rẹ̀, inú ike kékeré ló ń wà, a so ọ̀rá mọ́ ike náà, ike wà nínú ìkòkò amọ̀, ìkòkò wà nínú yanrìn tútù lẹ́bàá àmù. Nọ́ọ̀sì ló kọ́ ọ. Ọjọ́ tó bá ṣí i, á fi ṣọ́ọ̀kì mi, ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, kọ ọ́ sára ògiri, torí ọjọ́ 28 ló ní kó fi lò ó. Ìyá tí kò ka ìwé kọjá ìwé mẹ́ta. Mo wo ògiri yẹn ní ọjọ́ Àìkú kan, ìlà funfun lórí ìlà funfun, ojú sì tì mí.

Ti Ìyá Ìbejì ló wá já ọ̀rọ̀ náà délẹ̀ fún mi.

Ojú méjì ni téèpù ní, ínǹṣì lápá kan, sẹ̀ǹtímítà lápá kejì. Nígbà kan mo kọ 20 sílẹ̀ fún gígùn apá aṣọ ìyàwó, mi ò kọ ínǹṣì sí i. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi yí téèpù padà, ó fi ojú sẹ̀ǹtímítà gé e. Apá aṣọ ò dé ìgúnpá. Nọ́ńbà tí mo kọ ni nọ́ńbà tó gé. Kò parọ́, èmi náà ò parọ́, aṣọ bàjẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sírínjì ínsúlíìnì. Ìlà 100 tó wà lára rẹ̀ ò ka mílígíráàmù rárá, omi ló ń kà: ìlà 100 jẹ́ mílílítà kan. Iye òògùn tó wà nínú ìlà 10, ọwọ́ ẹni tó pò ó ló wà. Ìgò àkọ́kọ́ Ìyá Ìbejì jẹ́ 5 mg, ó pò ó pẹ̀lú mílílítà 2, nítorí náà ìlà 10 jẹ́ 0.25 mg. Iye tí dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó tó gbé e lọ sí 0.5. Ìgò kejì tí Bísí fún un jẹ́ 10 mg. Ọmọrí búlúù kan náà, ìgò kan náà. Omi tó kù nílé ò ju mílílítà kan lọ, ìyẹn ló fi pò ó. Ó fa ìlà 10 bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ ṣírò rẹ̀: 1 mg. Ìlọ́po mẹ́rin, láìjẹ́ pé ìka rẹ̀ yẹ̀ kúrò lórí ìlà.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bì. Omi lásán ò dúró. Ilé ìwòsàn kan ni wọ́n ti fa omi sí i lára, dókítà bi í léèrè ohun tó lò, kò lè dáhùn. Ìgò ò sọ nǹkan kan fún un. Kì í ṣe òun nìkan nínú ayé yìí. Ní oṣù keje 2024, FDA, àjọ tó ń bójú tó òògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn kan tí wọ́n ń fa semaglutide fúnra wọn látinú ìgò ti gún ìlọ́po 5 títí dé ìlọ́po 20 iye tó yẹ. Àwọn yẹn tiẹ̀ rí dókítà kó tó rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọkùnrin jíìmù ní Agric ní tiwọn, BPC-157, ìlẹ̀kẹ̀ 15, fún iṣan tó bá fà. Ara eku ni púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ti wá. WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti òògùn líle nínú eré ìdárayá, ti fòfin dè é fún eléré ìdárayá láti 2022. Mo sọ fún ọ̀kan nínú wọn, ọmọ oníbàárà mi, ó ní, "Màámi, a kì í lọ Olympics." Ẹnu mi wọhò.

Mi ò sọ pé semaglutide gidi ò dára. Ó ń ṣiṣẹ́, téèpù mi jẹ́rìí. N kò sì ní bá ẹnikẹ́ni ṣẹ̀fẹ̀ torí pé ó fẹ́ rù, èmi tí ìbàdí mi ò sí nínú ìwé. Èyí tó ní páálí, tó ní dókítà lẹ́yìn, owó rẹ̀ ju owó ṣọ́ọ̀bù mi lọ, òun ló ń lé wa sọ́dọ̀ Bísí. Àti pé bí o bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, ara máa ń padà: ní inú ìwádìí kan, láàárín ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ dúró, àwọn tó lò ó gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n ti rù padà. Bísí ò gbé ìyẹn sórí WhatsApp.

Bísí ò dá owó mi padà náà. Ó fún mi ní ìpara kan dípò rẹ̀, n kò tíì ṣí i. Ìgò náà, àbúrò mi ló gbà á lọ, ó ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́ sí ààtàn tí ọmọdé ti lè he é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Ìbejì gbé léèsì ọdún Iléyá rẹ̀ dé. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, aṣọ ò sì pàdé mọ́ lẹ́yìn. Ó dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, kò wo jígí. Mo yí téèpù po: 42. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo jókòó, mo fi abẹ tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà. Ibi tí mo dì í wọlé nígbà tó rù ṣì wà níbẹ̀, ínǹṣì méjì lọ́tùn-ún, ínǹṣì méjì lósì, ó mọ́, kò tíì rí oòrùn rí.

"Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ ò gé e dànù?"

Mo ní n kì í gé e.